Ilé-Ìwé Ẹ̀gbẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdún)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa pé kí a sọ ọ̀rọ̀ ṣókí fún àpèjọ, èrò wa ni láti sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ ilé-ìwé, nítorí iṣẹ́ tí a mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti bi wá ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí ní ìpàdé ọdún tí ó kọjá, ìbéèrè náà kò sì kúrò lọ́kàn wa láti ìgbà náà wá. Ó ní: "Tíṣà, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé níbi tí a bá ti rí ilé-ìwé àtijọ́ nílẹ̀ wa, ṣọ́ọ̀ṣì ni a sábà máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ta ló so méjèèjì pọ̀?"

A dá a lóhùn lọ́jọ́ náà pé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tó. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọdún 1842, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé-ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àdúrà, kì í ṣe ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ro ó. Bí wọ́n ti bá a nílé baba wọn ni wọ́n ṣe é. Ìdàpọ̀ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí ọkọ̀ wọn tó ṣí. Nípa ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀, ìgbà tí àwọn òpìtàn ń pè ní Ìgbà Àárín ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti bí ọdún 500 títí dé bí ọdún 1500 lẹ́yìn ìbí Jésù.

A ní ìdí kejì. Yàrá ìkàwé tí ẹgbẹ́ wa ń kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ìgbìmọ̀ yóò sì jókòó lọ́la lórí irú ìwé tí a ó gbà láàyè nínú rẹ̀. A ti gbọ́ pé àwọn kan kò fẹ́ ìwé tí ó sọ nípa òrìṣà, àwọn mìíràn kò fẹ́ ìwé ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiwọn. A kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Ìtàn nìkan ni a mú wá. Ẹ̀yin arákùnrin wa Mùsùlùmí, ẹ má ṣe rò pé ìwàásù ni a fẹ́ ṣe. Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó jẹ́ tiyín gan-an, a ó sì dé ibẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni Róòmù fi jọba lórí gbogbo ilẹ̀ tí ó yí Òkun Mẹditaréníà ká. Ó ní ọ̀nà títì, ó ní ilé-ẹjọ́, ó sì ní àwọn tíṣà tí ìlú ń sanwó fún. Ní ọdún 476, olórí ogun kan tí ń jẹ́ Odoacer yọ ọba tí ó kẹ́yìn ní ìwọ̀-oòrùn kúrò lórí oyè, ọmọdé sì ni ọba náà. Ní ìlà-oòrùn, ní Constantinople, ìjọba Róòmù wà síbẹ̀ títí di ọdún 1453, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀-oòrùn, ohun gbogbo ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Owó tí a fi ń san tíṣà kò sí mọ́. Bí ẹni tí ó mọ̀wé bá kú, ó ṣòro kí a tó rí ẹni rọ́pò rẹ̀. Bí ìwé bá gbó, tí ẹnikẹ́ni kò bá dà á kọ, ìwé náà ti kú nìyẹn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìjọ ni àgbà tí ó kù lọ́jà lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé ìjọ fẹ́ràn ìwé àwọn abọ̀rìṣà Róòmù. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá ìjọ ni ó ń fojú ìfura wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn tí ó dúró lórí Ìwé kò lè wà láìsí ẹni tí ó lè kà á. Àlùfáà gbọ́dọ̀ ka Bíbélì ní èdè Látìnì. Kí ó tó lè ka Látìnì, ó gbọ́dọ̀ kọ́ gírámà. Níbo ni yóò ti rí Látìnì tí ó dán mọ́rán kọ́, bí kò ṣe nínú ìwé àwọn abọ̀rìṣà kan náà? Bí Virgil àti Cicero ti ṣe rí ibi sá sí lábẹ́ òrùlé àwọn ọmọ ìjọ nìyẹn.

Òrùlé tí a ń wí ni ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi aya níní àti ohun ìní ayé sílẹ̀ láti máa gbé pọ̀ nínú àdúrà. Ní bí ọdún 529, Benedict tẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ dó sórí òkè Monte Cassino ní Ítálì, ó sì kọ òfin tí àwọn ilé mọ́ńkì ní gbogbo Yúróòpù gbà lẹ́yìn náà. Ó pín ọjọ́ sí mẹ́ta: àdúrà, iṣẹ́ ọwọ́, àti ìwé kíkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, a ó fún olúkúlùkù ní ìwé kan, yóò sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfo ibì kankan. A ó yan àgbà kan tàbí méjì tí yóò máa rìn káàkiri ní wákàtí ìwé kíkà, láti wò bóyá arákùnrin kan wà tí ó ń tàkúrọ̀sọ tàbí tí ó ń ṣe ìmẹ́lẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ rí, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àwa pẹ̀lú ti rìn kiri bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ púpọ̀, tìtàn tìtàn, pẹ̀lú pàṣán lábẹ́ abíyá.

Lónìí, ọmọ ìwé kìn-ín-ní yóò fa ewé ìwé rẹ̀ ya láti fi ṣe ọkọ̀ òfurufú, kò sì ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà náà, awọ àgùntàn tàbí ti ọmọ màlúù ni ewé ìwé. A ó rẹ awọ náà fún ọjọ́ púpọ̀, a ó fá irun rẹ̀ kúrò, a ó nà án mọ́ igi kí ó gbẹ, a ó sì tún fi ọ̀bẹ fá a títí yóò fi fẹ́lẹ́. A ó fa ìlà sí i. Ìyẹ́ ẹyẹ ni kálámù. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ ọ́, nínú òtútù, láìsí iná gidi nítòsí nítorí ìbẹ̀rù kí ìwé má baà jóná. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mọ́ńkì Wearmouth àti Jarrow kọ Bíbélì ńlá mẹ́ta lábẹ́ olórí wọn, Ceolfrith. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kù ní odidi. Ewé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ó wúwo ju kílò 30 lọ, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé awọ ọmọ màlúù bí 500 ni ó bá a lọ. Ẹ fojú inú wo agbo màlúù 500, kí ẹ sì rántí pé ìwé kan ṣoṣo ni. Ní ọdún 716, Ceolfrith arúgbó gbé e dání pé òun yóò fi ta Póòpù lọ́rẹ ní Róòmù. Ó kú lójú ọ̀nà, ní Langres ní ilẹ̀ Faransé. Ìwé náà dé Ítálì láìsí òun, ó sì wà ní ìlú Florence títí di òní.

Bede wà lára àwọn mọ́ńkì Jarrow yìí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ fà á lé àwọn mọ́ńkì lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ wọn náà ni ó sì kú sí ní ọdún 735. Mọ́ńkì mìíràn, Dionysius, ni ó kọ́kọ́ ka ọdún láti ìgbà ìbí Jésù, ní ọdún 525, ṣùgbọ́n ìwé Bede ni ó mú kí kíkà náà di ti gbogbo ènìyàn. Ọdún tí akọ̀wé wa ń kọ sórí ìwé ìpàdé, ọwọ́ àwọn méjì yìí ni ó ti wá. Ẹ jẹ́ kí a sì tún àṣìṣe kan ṣe, nítorí pé àwa náà ti fi kọ́ ọmọ rí. A máa ń sọ pé àwọn ará Ìgbà Àárín rò pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bede kọ ọ́ ní ọdún 725 pé ayé rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ohun kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n tẹ̀lé e sì ń kọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yin ọ̀rẹ́ wa ju bí ó ti yẹ lọ. Awọ wọ́n púpọ̀. Nígbà tí ilé mọ́ńkì kan bá nílò awọ, tí ó sì ní ìwé àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́, wọn a fọ tàdáwà rẹ̀ nù, wọn a sì kọ nǹkan mìíràn lé e. Cicero kọ ìwé kan nípa bí ó ti yẹ kí a ṣe àkóso ìlú. Gbogbo ayé ìmọ̀ mọ̀ pé ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ní ọdún 1819, Angelo Mai, àlùfáà tí ó jẹ́ olùtọ́jú ìwé ní Vatican, ń yẹ ìwé àtijọ́ kan wò, àlàyé tí Augustine ṣe lórí Orin Dáfídì. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ Augustine, ó rí lẹ́tà ńláńlá mìíràn tí ó ti ṣá. Cicero ni. Mọ́ńkì kan ti nù ún kúrò láti fi rí àyè kọ Augustine sí. Ọwọ́ tí ó pa ìwé náà run ni ọwọ́ tí ó pa á mọ́. Bí wọn kò bá lo awọ náà fún Augustine, ta ni ìbá tọ́jú rẹ̀ di ọdún 1819? A ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, a kò sì tíì mọ̀ bóyá kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ mọ́ńkì náà tàbí kí a bá a jà.

Láti ilé mọ́ńkì, ẹ̀kọ́ dé ààfin. Charlemagne, ọba àwọn Frank, pàṣẹ ní ọdún 789 pé kí gbogbo ilé mọ́ńkì àti ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọkùnrin yóò ti máa kọ́ Orin Dáfídì, orin kíkọ, ìṣirò àti gírámà. Ó ránṣẹ́ sí Alcuin, tíṣà láti ìlú York, kí ó wá ràn án lọ́wọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọba tí ó pa àṣẹ yìí kò lè kọ̀wé. Einhard, ẹni tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, sọ pé ọba a máa fi pákó ìkọ̀wé bíi wàláà sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ó lè máa fi lẹ́tà kíkọ kọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ wà ní kíláàsì ìwé alẹ́ àwọn àgbà, ẹ má ṣe tijú mọ́; ẹgbẹ́ ọba ni yín.

Nígbà ayé Charlemagne ni àwọn adàwékọ bẹ̀rẹ̀ sí lo irú lẹ́tà kéékèèké kan tí ó mọ́ tónítóní, tí ojú kì í tètè rẹ̀ nínú kíkà rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1400, àwọn ọ̀mọ̀wé Ítálì rí ìwé wọ̀nyí, wọ́n rò pé lẹ́tà àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni, wọ́n sì ń fi í kọ̀wé. Àwọn atẹ̀wé gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwọn àgbà wa bí Samuel Ajayi Crowther wá lẹ́tà tí wọn yóò fi kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, àwọn lẹ́tà yìí náà ni wọ́n mú, tí wọ́n sì fi àmì sí lórí àti lábẹ́. Ìwé ẹgbẹ́ tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, ìdí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn adàwékọ náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin, Guido ará Arezzo kò gbọdọ̀ fò yín kọjá. Mọ́ńkì ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin ní nǹkan bí ọdún 1025. Ó rí i pé ọmọ a máa lo ọdún mẹ́wàá láti há orin ìsìn sórí, síbẹ̀ kò lè kọ orin tuntun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sí i létí. Guido mú orin ìsìn kan tí a ń kọ fún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ fi ohùn kan ga ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ohùn náà lórúkọ: ut, re, mi, fa, sol, la. Ut ni ó di do lẹ́yìn náà. Ó tún fi ìlà sórí awọ kí ojú lè rí bí ohùn ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ọdún kan, tàbí méjì bí ó bá pẹ́, tó láti sọ ọmọ di akọrin. Kí ni èrè rẹ̀? Àwọn arákùnrin rẹ̀ ní ilé mọ́ńkì Pomposa jowú rẹ̀ títí ó fi kó kúrò láàárín wọn. Póòpù fúnra rẹ̀ ni ó wá ránṣẹ́ pè é sí Róòmù pé kí ó wá fi hàn án bí ó ti ń ṣe é. Bí ẹ bá gbọ́ tí tíṣà ń kọ́ ọmọ ní ohùn èdè Yorùbá ní ìlú wa, dò-re-mí, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, kí ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ kí ẹ sì rántí Guido.

A ti dé ibi tí a ṣèlérí fún ẹ̀yin Mùsùlùmí. Ìwé tí àwọn mọ́ńkì tọ́jú kò pọ̀ tó nǹkan. Nínú gbogbo iṣẹ́ Aristotle, díẹ̀ péré ni wọ́n ní ní Látìnì. Ti ìṣègùn, ti ìràwọ̀ àti ti ìṣirò kò tó nǹkan rárá. Níbo ni ìyókù wà? Ó wà ní èdè Lárúbáwá, ní Baghdad àti ní Córdoba, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti túmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi tiwọn kún un. Nígbà tí ọba Kristẹni kan gba ìlú Toledo ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 1085, a bá ìwé púpọ̀ níbẹ̀. Kristẹni, Júù àti Mùsùlùmí ń gbé ìlú náà pọ̀, nítorí náà a kò wá ògbufọ̀ tì. Gundisalvo, olóyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àti Júù kan tí ń jẹ́ Avendauth jókòó pọ̀ túmọ̀ ìwé Ibn Sina. Gerard ará Cremona ti Ítálì wá nítorí ìwé kan ṣoṣo, ìwé ìràwọ̀ Ptolemy. Ó rí ọrọ̀ tí ó wà nílẹ̀, kò sì yé túmọ̀ mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1187. Ìwé tí ó túmọ̀ lé ní 70. Álíjẹ́brà tí ó ń da àwọn ọmọ wa láàmú, láti inú àkọlé ìwé al-Khwarizmi ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ọdún 1145 sì ni Robert ará Chester túmọ̀ rẹ̀ sí Látìnì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó dúpẹ́. Gerbert, tí ó di Póòpù ní ọdún 999, ti lo nọ́ńbà àwọn Lárúbáwá ṣáájú wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ń sọ kiri pé èṣù ni ó bá dá májẹ̀mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báwo ni ènìyàn yóò ti mọ̀ tó báyẹn?

Nígbà tí ìwé dé, ọmọ ilé-ìwé pọ̀ sí i. Ní ọdún 1179, ìgbìmọ̀ ńlá ìjọ tí ó jókòó ní Lateran ní Róòmù pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan pèsè àtijẹ fún tíṣà kan tí yóò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìjọ àti ọmọ tálákà lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó kí ó tó fún ni níwèé àṣẹ láti kọ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ẹ gbọ́ èyí: ọdún 776 ni ó wà láàárín àṣẹ méjèèjì. Àṣẹ ṣíṣe kò sì ṣòro bí owó sísan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ mìíràn jókòó ní ọdún 1215, wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, a kò tẹ̀lé òfin náà rárá.

Síbẹ̀, láti ara àwọn ilé-ìwé bíṣọ́ọ̀bù ni yunifásítì Paris ti wá. Ìtàn kan nípa rẹ̀ dùn mọ́ wa púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí tíṣà. Ní ọdún 1229, ní ìgbà àríyá tí ó ṣáájú ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bá onílé-ọtí jà lórí owó ọtí, wọ́n sì jẹ nà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó àwọn ẹgbẹ́ wọn wá, wọ́n ba ilé ọtí jẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú jáde, wọ́n sì pa nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ni àwọn tíṣà bá da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì túká lọ sí ìlú mìíràn fún ọdún méjì. Kí wọ́n tó padà, Póòpù Gregory Kẹsàn-án kọ ìwé ní ọdún 1231 tí ó fún wọn lágbára láti ṣe òfin ara wọn, àti láti dáwọ́ ẹ̀kọ́ dúró bí a bá tún rẹ́ wọn jẹ. Póòpù ni ó fọwọ́ sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ tíṣà! Ẹ jọ̀wọ́, kí akọ̀wé má ṣe gbàgbé láti kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ìjà tí ó le jùlọ kì í ṣe ti ọtí. Ní ọdún 1210, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jókòó ní Paris kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìwé Aristotle nípa ìṣẹ̀dá ayé kọ́ni, nítorí pé ó sọ ohun tí kò bá Bíbélì mu, gẹ́gẹ́ bí i pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀. A tún òfin náà ṣe ní ọdún 1215. Àwọn ènìyàn ń kà á. Nígbà tí ó di ọdún 1255, yunifásítì kan náà fi í sínú òfin pé ọmọ tí kò bá ka àwọn ìwé Aristotle yìí kò lè gba oyè. Ọdún 45 péré! Àwọn ìwé náà kò yí padà. Ẹni tí ó kà wọ́n ni ó pọ̀ sí i.

Ta ni ó kọ́ wọn bí a ti í kà á? Ṣáájú àkókò yìí, Peter Abelard ti kọ ìwé kan tí ó ní ìbéèrè 158. Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó to ọ̀rọ̀ àwọn bàbá ìjọ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni sí apá kan, ó sì to ti àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí apá kejì. Kò dáhùn wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. A sun ìwé rẹ̀ mìíràn níná ní Soissons ní ọdún 1121, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là kò dí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Thomas ará Aquino dé. Ọmọ ọlọ́lá ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ tì í mọ́lé bí ọdún kan nítorí pé ó fẹ́ di oníwàásù tí ń ṣagbe. Ó sanra, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní màlúù tí ó yadi. Nínú ìwé ńlá rẹ̀, bí Thomas bá fẹ́ wádìí bóyá Ọlọ́run wà, kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé Ó wà. Ohun tí alátakò yóò sọ ni ó kọ́kọ́ ń kọ, ní ọ̀nà tí alátakò náà yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun wí. Lẹ́yìn èyí ni yóò sọ tirẹ̀, tí yóò sì dá alátakò lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń lo Ibn Rushd tí í ṣe Mùsùlùmí, ó ń lo Maimonides tí í ṣe Júù, kì í sì í bú wọn.

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan níhìn-ín. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan sì nàwọ́ sókè. Ó béèrè ibi tí Kéènì ti rí ìyàwó fẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé Ádámù àti Éfà àti àwọn ọmọ wọn nìkan ni ó wà láyé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. A ní kí ó na ọwọ́, a sì fún un ní pàṣán mẹ́fà. Ìbéèrè náà kò burú. Àwa ni a kò mọ ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé Augustine, tí ó kú ní ọdún 430, ti jókòó ti ìbéèrè yìí kan náà, ó sì fi sùúrù dáhùn pé ní ìbẹ̀rẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ó fẹ́ ara wọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Ìbéèrè tí bàbá ìjọ kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni a lu ọmọ lé lórí. Ọmọ náà kò tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa mọ́ títí ó fi jáde ìwé mẹ́fà.

Ìjọ pẹ̀lú ní pàṣán, tirẹ̀ sì le ju tiwa lọ. Ní ọdún 1242, a fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó ìwé Talmud àwọn Júù jọ ní Paris, a sì sun wọ́n níná ní gbangba, ní ìlú kan náà tí yunifásítì wà. Ní ọdún 1277, Tempier, bíṣọ́ọ̀bù Paris, ka ọ̀rọ̀ 219 sílẹ̀ pé àdámọ̀ ni, díẹ̀ nínú wọn sì kan ẹ̀kọ́ Thomas, tí ó ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Wọ́n sọ Thomas di ẹni mímọ́ ní ọdún 1323. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, bíṣọ́ọ̀bù mìíràn fa ìdálẹ́bi yẹn nù níbi tí ó bá ti kan Thomas. Jan Hus kò rí irú ojúrere bẹ́ẹ̀. Àlùfáà ni, ó sì jẹ́ olórí yunifásítì Prague rí. Wọ́n fún un ní ìwé ààbò láti wá sọ tẹnu rẹ̀ ní ìpàdé ìjọ ní Constance, nígbà tí ó sì dé, wọ́n dè é, wọ́n sì sun ún láàyè ní ọdún 1415. Ti Wycliffe ará Oxford, ó ti kú ní ọdún 1384; wọ́n hú egungun rẹ̀ ní ọdún 1428, wọ́n sì sun ún. Ẹni tí ó ń bá egungun jà, ìwé ni ó ń bá jà, ìwé náà sì ti wà ní ọwọ́ àwọn ènìyàn.

Ẹ̀yin ìyá wa, a kò gbàgbé yín, àwọn yunifásítì náà ni ó gbàgbé yín. Wọn kò gba obìnrin wọlé. Inú ilé àwọn obìnrin tí wọ́n fi ara wọn fún Ọlọ́run ni obìnrin ti ń rí ìwé kà. Hildegard ará Bingen ní Jámánì, tí ó kú ní ọdún 1179, ṣe olórí irú ilé bẹ́ẹ̀, ó kọ ìwé nípa ìran tí ó rí, nípa ewé àti egbòogi, ó ṣẹ̀dá orin, ó sì ń kọ lẹ́tà ìbáwí sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ọba. Ọdún 2012 ni Ìjọ Àgùdà tó fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn olùkọ́ àgbà ìjọ. Ẹ bá wa ṣírò iye ọdún tí ó wà láàárín.

Ìdáhùn wa fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí nìyí: ẹ̀sìn tí ó ní Ìwé ni ó so méjèèjì pọ̀, nítorí pé kò lè rí àlùfáà láìkọ́ ọmọ ní ìwé, nígbà tí ọmọ sì ti mọ̀wé, kò sí ẹni tí ó lè yàn fún un mọ́ èyí tí yóò kà. Alága, a rí i pé ẹ ti ń wo aago. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà nínú gbọ̀ngàn, a rí i lẹ́yìn lọ́hùn-ún lẹ́bàá fèrèsé. Bí ẹ bá gbà fún wa, a fẹ́ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀. Èyí tí a kò bá sì mọ̀, kí akọ̀wé bá wa kọ ọ́ sílẹ̀.